Èsì: Màmá lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, láti Pop Century lọ sí EPCOT

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe gbé Màmá láti Pop Century, hòtẹ́ẹ̀lì Disney World ní Florida, lọ sí EPCOT, ọgbà ìgbafẹ́ Disney níbẹ̀. Skyliner ni kí ẹ wọ̀, ìyẹn àwọn àpótí tó ń gbé èèyàn lọ lórí okùn irin lókè. Kẹ̀kẹ́ tí Màmá ń jókòó lé kò ní dí yín lọ́wọ́.

Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà pé kẹ̀kẹ́ wà. Wọ́n á mú yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àpótí náà ti ń dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ lè ti Màmá wọlé. Ní ìlà tó kù, kì í dúró, ṣe ló ń rọra yí lọ. Ẹ ó bọ́ sí Skyliner mìíràn ní ibùdókọ̀ Caribbean Beach. Ọ̀fẹ́ ni.

Àmọ́ tí mànàmáná bá ti ń kọ, wọ́n á dá Skyliner dúró. Bọ́ọ̀sì ló kù nìyẹn. Skyliner kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù, atẹ́gùn lásán ni. Oòrùn ọ̀sán Florida mú gan-an, ẹ bá Màmá gbé omi dání.