Èsì: Kí la máa sọ níbi fídáù ọ̀rẹ́ wa?

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ ní kí lẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lè sọ lọ́jọ́ kẹjọ ọ̀rẹ́ yín, kó má lọ jẹ́ "èèyàn dáadáa ni" nìkan.

Ohun tẹ́ ẹ fojú ara yín rí ni kẹ́ ẹ sọ. Nígbà tí Rashidi Yekini kú lóṣù karùn-ún ọdún 2012, ohun tó padà sẹ́nu èèyàn ni bó ṣe ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó ń sunkún, ní Dallas lọ́dún 1994, lẹ́yìn tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé wọlé.

Awakọ̀ kan kú níbi iṣẹ́ wa. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló dìde níbi àdúrà, ó ní àràárọ̀ ni bàbá náà máa ń pín àkàrà rẹ̀ sí méjì fóun, á ní òun ti yó, bẹ́ẹ̀ kò yó. Ìyàwó olóògbé ò gbọ́ ìyẹn rí! Ó fi ìborùn nujú, ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín.

Owó tẹ́ ẹ bá dá, ọwọ́ ìyàwó gan-an ni kẹ́ ẹ fi lé. Ẹ sì tún yà síbẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, nígbà tí wọ́n ti kó àga àti kánópì lọ. Ìgbà yẹn nilé ń dá. Àwa ò padà lọ, ó ṣì ń dùn mí dòní.