Kóìlì òòfà fún ọpọlọ: ṣé kí n fi kún wáyà ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. FUTA ni mo wà ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí kóìlì, ìyẹn wáyà tí a wé yípo, tí wọ́n fi ń ta ọpọlọ jí láti òde agbárí. Mo wé e róbótó, ogún ìyípo, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní agbára rẹ̀ fọ́n káàkiri, kò dojú kọ ibì kan. Ṣé kí n fi kún wáyà ni?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi, má fi kún un. Òòfà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ta iṣan ọpọlọ jí. Bó ṣe ń yára ga, tó sì ń yára relẹ̀, ló ń bí iná sínú ọpọlọ, iná yẹn ni iṣan ń gbọ́. Tí o bá sọ ìyípo di ìlọ́po méjì lórí fólítì kan náà, kóìlì á tako ìyípadà iná ní ìlọ́po mẹ́rin. Iná tó máa dé ọpọlọ á wá dín sí ìdajì, á sì falẹ̀ sí i.

Ìrísí rẹ̀ ni kí o yí padà. Lábẹ́ kóìlì róbótó, iná náà ń yípo lábẹ́ wáyà ni, àárín gan-an ṣófo. Irú rẹ̀ ni Anthony Barker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ta ọpọlọ jí ní Sheffield, ní England, lọ́dún 1985. Lọ́dún 1988, Shoogo Ueno àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Japan gbé èyí tó dà bí 8 jáde: kóìlì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí iná inú wọn ń yí lódì síra, tó fi jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ gbà níbi tí wọ́n ti pàdé. Abẹ́ ibẹ̀ ni agbára á pọ̀ sí jù.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú nìyí. Tí o bá tẹ́ òrùka wáyà kékeré pẹlẹbẹ sí ojú ìpàdé yẹn láti wọn òòfà, oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń fi ìlà ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, kò ní fi nǹkan kan hàn, o sì lè rò pé o wé e sódì. Gbé òrùka náà dúró lórí etí rẹ̀, kó tẹ̀ lé ọ̀nà tí wáyà àárín gbà. Ìlà á fò sókè lójú ẹsẹ̀. Òòfà ibẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni, kò dorí kọ òkè.

Kóìlì tó bá tóbi á jìn sínú, ṣùgbọ́n á tún fọ́n ká. Kò sí bí a ṣe wé e tí yóò fi jìn sínú gan-an, kó má sì fọ́n ká.

Mo bẹ̀ ọ́, má gbé e sórí ẹnikẹ́ni, títí kan orí tìrẹ. Abọ́ omi iyọ̀ ni kí o fi dán an wò. Kàpásítọ̀ (ohun tó ń kó iná pamọ́ fún kóìlì) tó gbé ẹgbẹ̀rún fólítì lè pànìyàn lẹ́yìn tí o ti yọ púlọ́ọ̀gì: fi rẹsítọ̀ fa iná inú rẹ̀ tán, fi mítà wò ó, kí o tó fọwọ́ kàn án.