Òfin àgbáyé àti òfin supranational: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọdún kẹta ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ òfin. Wọ́n ní ká ka òfin àgbáyé àti òfin supranational pọ̀ ní sáà yìí, orí mi sì ti dàrú. Ṣé ohun kan náà ni méjèèjì? Ṣé òfin tí kò ní ọlọ́pàá tilẹ̀ jẹ́ òfin? Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pa ìwé gbàǹgbà yẹn dé ná. Orí ẹjọ́ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, máa bi ara rẹ pé: ta ni òfin yìí fún láyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́?

Nínú òfin àgbáyé, ìjọba ló sábà máa ń pe ìjọba. Kamẹrúùnù ló pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní The Hague lórí Bakassi, ilẹ̀ ẹnubodè tí wọ́n jọ ń jà sí, wọ́n sì dá a láre ní oṣù kẹwàá 2002. Kò sí apẹja Bakassi kan tó lè dìde níbẹ̀ rojọ́ tirẹ̀. Kò sì sí ọlọ́pàá tó lé Nàìjíríà kúrò. Ó di 2006 kí wọ́n tó ṣàdéhùn Greentree lórí bí Nàìjíríà ṣe máa kúrò níbẹ̀, ó di 2008 kí wọ́n tó fa ibẹ̀ lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ tán. Ó pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ṣe é. Ìdáhùn mi nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Ti supranational, àwọn orílẹ̀-èdè ti yọ̀ǹda lára agbára wọn fún àjọ kan, òfin àjọ náà sì ń dé ọ̀dọ̀ aráàlú tààrà. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ni kó o fi ṣe àpẹẹrẹ. Ka ẹjọ́ Van Gend en Loos ti 1963, tó dá lórí bí òfin àjọ náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ aráàlú tààrà, kó o wá ka ti Flaminio Costa tó tẹ̀ lé e ní 1964. Lọ́yà ni Costa, ní Milan. Ìjọba Ítálì sọ àwọn iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná di tirẹ̀, inú bí ọkùnrin yìí, ó kọ̀, kò san owó iná. Gbogbo owó ọ̀hún ò ju 1,925 lire lọ! Ó ní òfin ìjọba náà ta ko àdéhùn Rome, tí wọ́n fi dá àjọ Yúróòpù náà sílẹ̀, tí Ítálì sì fọwọ́ sí. Látinú owó iná yẹn ni ilé ẹjọ́ àjọ náà ní Luxembourg ti là á mọ́lẹ̀ pé òfin tí orílẹ̀-èdè kan dá ṣe kò lè borí òfin àjọ náà.

Wá fi ti Ọlájídé Afọlábí wé e. Ní oṣù kẹjọ 2003, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Benin pa. Oníṣòwò yìí ti dúnàá-dúrà ọjà tó fẹ́ lọ gbé ní Benin, kò lè kọjá. Ó gba ilé ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lọ. Ní 2004, ilé ẹjọ́ ní àwọn ò lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, torí ìlànà ilé ẹjọ́ náà ti 1991 kò fún aráàlú láyè láti wá fúnra rẹ̀. Ìjọba rẹ̀ ló yẹ kó bá a gbé e wá. Ìjọba kan náà tó fẹ́ pè lẹ́jọ́ o! Ariwo ta, ECOWAS sì tún ìlànà náà ṣe ní 2005. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn du lè lọ tààrà, kódà bí kò bá tíì lọ sílé ẹjọ́ kankan nílé.

Síbẹ̀, má fi ECOWAS wé Yúróòpù pátápátá. Section 12 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé àdéhùn kankan kò lè di òfin láàárín wa àfi tí Ilé Aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Wo ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi, 2000: Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà, tí a ti sọ di òfin ní 1983, ju àwọn òfin yòókù lọ, àmọ́ kò ga tó ìwé òfin orílẹ̀-èdè.

Sọdá sí Kùtọnú tàbí Lomé, ọ̀rọ̀ yí padà. Benin àti Togo wà nínú OHADA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń ṣe òfin okòwò kan náà fún gbogbo wọn. Abala 10 àdéhùn náà mú kí òfin okòwò tí wọ́n jọ ṣe máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ilé aṣòfin tún un ṣe, ilé ẹjọ́ wọn ní Abidjan ló sì ń dá ẹjọ́ rẹ̀ kẹ́yìn. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni supranational ti súnmọ́ wa jù, àwọn olùkọ́ wa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà á.

Lẹ́yìn àwọn ẹjọ́ yìí, wá ka Abala 38 nínú ìlànà ilé ẹjọ́ The Hague, níbi tí wọ́n ti to orísun òfin àgbáyé: àdéhùn, àṣà àwọn orílẹ̀-èdè, àti ìlànà tí gbogbo wọn gbà. Tí ìdánwò bá wá bi ọ́ bóyá ECOWAS jẹ́ supranational, má kàn kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Fi Afọlábí àti àtúnṣe 2005 hàn wọ́n, kó o wá gbé section 12 síwájú wọn.