Kí ló dé tí àkáǹtì ẹgbẹ́ wa fi ń já kúrò lára áàpù tí ń bá wa gbé ìkéde jáde?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní ìhà Ìsánlú. Orí Facebook àti Instagram ni a ti ń kéde ìpàdé, ìsìnkú àti owó tí a ń dá jọ fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Àbújá, ní Èkó àti ní òkè òkun. Nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró níhìn-ín, alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń to ìkéde ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lórí áàpù kan tí a ń sanwó fún, òun ni yóò sì máa gbé wọn jáde ní àkókò tí mo dá fún un. Ní oṣù tó kọjá, ìkéde ìpàdé gbogbogbòò kò jáde, àwọn ará Àbújá kò sì wá. Nígbà tí mo wo inú áàpù náà, mo bá a níbẹ̀ pé àkáǹtì wa ti já, kí n tún un so. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí. Ṣé olè ni, àbí àwọn tí a ń sanwó fún ló ń rẹ́ wa jẹ? Orúkọ akápò wa ni a fi so ó. Ó yí pásíwọ́ọ̀dù Facebook rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ṣùgbọ́n n kò rò pé ìyẹn kàn án, nítorí a kò fún áàpù náà ní pásíwọ́ọ̀dù rí.

ÌDÁHÙN

Òkun o, akọ̀wé wa. Ohun tí ẹ sọ pé kò kàn án yẹn gan-an ló fà á.

Òótọ́ ni pé áàpù náà kò mọ pásíwọ́ọ̀dù akápò yín, kò sì yẹ kí ó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ tí ẹ so wọ́n pọ̀, áàpù náà darí akápò sí ọ̀dọ̀ Facebook, Facebook bi í bóyá ó gbà kí áàpù yìí máa kọ nǹkan sórí péèjì ẹgbẹ́, ó gbà, Facebook sì fún áàpù náà ní òǹkà gígùn kan tí yóò máa fi hàn ní gbogbo ìgbà tí ó bá dé. Token ni wọ́n ń pe òǹkà náà, orúkọ kan náà tí a ń pe nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ sínú mítà iná. Àṣẹ akápò ni token yìí gbé dání. Nígbà tí akápò wá yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, Facebook kò lè mọ̀ bóyá ó kàn wù ú ni, tàbí ẹnìkan ti fẹ́ gba àkáǹtì náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ó pa àwọn token tí ó wà lórúkọ rẹ̀, ó sì ń dúró kí akápò fúnra rẹ̀ wá tún fún áàpù náà ní àṣẹ.

Ní ti ẹ̀ẹ̀mejì ìṣáájú, ẹ wo ọjọ́ tí ó wà láàárín wọn. Token tí Facebook ń fún áàpù lórúkọ ènìyàn kì í sábà ju nǹkan bí ọjọ́ 60 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti LinkedIn. Ti TikTok kò ju wákàtí 24, àmọ́ áàpù lè máa sọ ọ́ di ọ̀tun fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ 365 kí ó tó padà wá bi yín. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ ló pé, ẹ bi ara yín bóyá ẹ dìbò yan olóyè tuntun. Mo ti rí i nínú ẹgbẹ́ tí ó pọ̀: wọ́n yọ olóyè àtijọ́ kúrò nípò ádímìn péèjì, láìrántí pé orúkọ rẹ̀ ni áàpù fi ń wọlé, gbogbo ìkéde tí wọ́n tò sílẹ̀ sì dákẹ́. Instagram tún ní tirẹ̀: bí ẹnìkan bá dá àkáǹtì ẹgbẹ́ padà láti ti oníṣòwò sí ti ara ẹni, áàpù kò ní lè gbé nǹkan jáde níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù olè tí ó bà yín kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Facebook kéde pé àwọn ènìyàn burúkú ti rí ọ̀nà jí token àwọn oníbàárà òun, ó sì pa token nǹkan bí mílíọ̀nù 90 àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan náà, tí mílíọ̀nù 40 nínú wọn jẹ́ ti ìṣọ́ra lásán. Ẹni tí ó jí token kò nílò pásíwọ́ọ̀dù mọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bá ilé-iṣẹ́ kankan jà pé ó ń tètè pa á. Àwọn tí mo bá wí ni àwọn oní-áàpù tí ó mọ ọjọ́ tí àṣẹ yóò parí, tí wọn kò sì ní ránṣẹ́ sí ẹni tí ń sanwó fún wọn títí ìkéde yóò fi kùnà.

Bí í-méèlì bá wá bá yín pé àkáǹtì yín ti já, kí ẹ tẹ ibi báyìí kí ẹ fi tún un so, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àwọn gbájúẹ̀ mọ irú ìròyìn yìí dáadáa. Inú áàpù náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ lọ, kí ẹ ti ibẹ̀ so ó. Akápò ni kí ó jókòó tì í, lórí fóònù tirẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Facebook yóò to àwọn péèjì rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àpótí péèjì ẹgbẹ́ bá ṣófo, áàpù yóò sọ pé ẹ ti so ó dáadáa, síbẹ̀ ìkéde kò ní jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwọn ìkéde tí ó kùnà, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ tuntun, nítorí wọn kì í sábà jáde fúnra wọn.

Ẹ fi ẹlòmíràn ṣe ádímìn kejì kí oṣù yìí tó parí. Bí ìpàdé bá sì ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ìkéde kúkúrú kan dán an wò, kí ẹ sì lọ fojú ara yín rí i lórí péèjì pé ó jáde.