Atọ́kùn kì í ṣe ẹni tó ń fa wáyà

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló bi mí ní ìbéèrè yìí: "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí ni ìtumọ̀ 'atọ́kùn' gan-an? Olùkọ́ wa sọ pé láyé àtijọ́ máíkì ní wáyà gígùn nídìí, ẹni tó bá ń ṣe ètò lórí tẹlifíṣọ̀n ló máa ń fa wáyà náà kiri, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní atọ́kùn ètò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí olóòtú? Báwo la ṣe ń kọ ọ́?"

Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Kì í ṣe sí ọ, ọmọ mi, ìwọ ṣe dáadáa tí o béèrè. Ẹni tó dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, tó ń fi àbá lásán ṣe ẹ̀kọ́, òun ló bí mi nínú.

Wáyà ni èmi fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 1983 ni mo wọlé, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi rìn lẹ́yìn kámẹ́rà. Bí wọ́n bá tì í síwájú, mo tú wáyà sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, mo yára ká wáyà kó má baà há sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá há báyìí, àwòrán á gbọ̀n lójú gbogbo ayé, orí tèmi ni èébú á sì bọ́ sí. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí ní atọ́kùn lọ́jọ́ kan. "Cable man" lorúkọ mi. Atọ́kùn wà lórí àga níwájú, ó wọ agbádá, ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí i lójú.

Tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Fífà là ń fa okùn. Bó bá jẹ́ fífà ni wọ́n ní lọ́kàn, "fà" ni ì bá wà nínú orúkọ náà. "Tọ́" ló wà níbẹ̀: tọ́ tí à ń tọ́ ọmọ, tọ́ tí à ń tọ́ni sọ́nà. Ta ni Yorùbá ti ń pè ní atọ́kùn kí òyìnbó tó mú kámẹ́rà dé? Ẹni tó ń tọ́ eégún ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí agbo ilé eégún tí kò mọ èyí.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí à ń pè ní ẹ̀gbọ́n wa, ṣe atọ́kùn ní Ọ̀yọ́. Eégún tó ń tọ́ náà máa ń sáré gan-an, nítorí náà wọ́n máa ń so okùn mọ́ ọn ní ìbàdí, àwọn gìrìpá mẹ́rin a sì di okùn náà mú lẹ́yìn. Mo fẹ́ kí o fi ojú inú wo èyí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn rẹ wà. Àwọn mẹ́rin yẹn ń fa okùn títí òógùn fi bo wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní atọ́kùn. Ẹ̀gbọ́n wa kò fọwọ́ kan okùn rárá. Iwájú ló wà, àtòrì mẹ́ta ló dì lọ́wọ́, ó ń rìn sẹ́yìn sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kan wà lára eégún, ojú kejì wà lára èrò. Bí wọ́n bá dé ojú àgbàrá, á na àtòrì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pà, pà, á ní, "Baba, ilẹ̀ là níbí o." Ojú àwọ̀n ni ará ọ̀run fi ń wòran, kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Eégún á fò ó kọjá, àwọn obìnrin á hó, wọn kò sì ní mọ̀ pé atọ́kùn ló fò ó.

Bí eégún bá fọhùn, ohùn rẹ̀ a dún kíkẹ̀, ohùn ará ọ̀run, ọ̀pọ̀ èrò kò ní gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ̀gbọ́n wa á yíjú sí wọn: "Baba ní ẹ kú ọdún. Baba ní ẹ ó ṣe èyí, ẹ ó ṣe àmọ́dún." Bí ẹsẹ̀ ijó bá wọ́, á súnmọ́ onílù, á sọ oríkì eégún náà ní ẹyọ méjì péré, ìlù á yí padà, agọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n wa á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á dákẹ́, á máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé bí eégún ẹni bá jó ire, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀. Ẹ ka òwe náà dáadáa. Eégún ló jó. Orí ló yá atọ́kùn. Atọ́kùn kò jó.

Èrò tèmi nìyí, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi: ẹni tó kọ́kọ́ gbé orúkọ yìí wọ studio mọ eégún, ó sì mọ studio. Eré eégún ló bí tíátà wa. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, dé Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dún 1826, àwọn eléégún apidán ṣeré fún un. Ọ̀kan di erè, ejò ńlá nì, òmíràn di òyìnbó funfun. Àwọn alárìnjó jogún eré yẹn, tíátà alárìnkiri sì jogún tiwọn. Lẹ́yìn tí WNTV, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, irú wọn ló gba ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà ní Agodi wọlé, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Akéwì bí Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Inú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wá, kì í ṣe inú wáyà.

Wo studio bó ṣe rí. Iná pupa wà lókè ilẹ̀kùn. Bó bá tàn, ogbèrì kò gbọdọ̀ wọlé. Màrìwò ẹnu ìgbàlẹ̀ kọ́ nìyẹn? Nínú lọ́hùn-ún, kámẹ́rà mẹ́ta dúró, iná kékeré pupa wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí tirẹ̀ bá tàn ni àwọn ará ilé ń fi wòran lásìkò yẹn, òun náà ni atọ́kùn gbọ́dọ̀ kọjú sí. Olùdarí kò sí níbẹ̀ rárá, inú yàrá mìíràn ló wà, níwájú ògiri àwòrán, òun ló ń pàṣẹ kámẹ́rà tó kàn, ẹni tó jókòó tì í á sì tẹ bọ́tìnì. Inú fóònù etí floor manager, ẹni tó ń ṣojú olùdarí nínú studio, ni ohùn rẹ̀ ń bọ́ sí, floor manager á sì fi ọwọ́ sọ ọ́ fún atọ́kùn: ìka mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, ọwọ́ tó ń yí bí kẹ̀kẹ́, ìyẹn ni pé kó máa kádìí rẹ̀, ọwọ́ tó gba ọrùn kọjá, ó parí. Atọ́kùn á máa rí gbogbo èyí, kò sì ní jẹ́ kí àlejò rẹ̀ mọ̀ pé òun ń rí nǹkan kan.

Mo rí i lọ́jọ́ kan tí ó wọ̀ mí lára. Ìyálọ́jà kan wá ṣe ètò, a sì ń gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, kò sí pé à ń gbà á sílẹ̀. Ìyá yìí, tí ọjà máa ń dákẹ́ bó bá wúkọ́, iná mẹ́ta tàn sí i lójú, ọ̀rọ̀ sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó di etí ìró rẹ̀ mú pinpin. Máíkì kékeré tí a fi há a láyà ń gbá ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo rí ẹni tó ń mójú tó ohùn tó ń gbọn orí. Atọ́kùn wa lọ́jọ́ náà, obìnrin ni, kò yára sọ̀rọ̀ bo ìyá mọ́lẹ̀. Ó dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀, bí ẹni ń kí ìyá ni ó ṣe gbé ọwọ́ sókè tó sì sún máíkì kúrò lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, kí ni wọ́n fi ń kì yín nílé?" Ojú ìyá là. Ó ki ara rẹ̀, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bí òun ṣe fi igba ọsàn bẹ̀rẹ̀ òwò, ó bọ́ sórí ẹkún, ó bọ́ sórí ẹ̀rín. Floor manager yí ọwọ́ títí, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Mo di wáyà mi mú lẹ́yìn kámẹ́rà kejì, mo wo ojú atọ́kùn yẹn, mo rí ojú ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀yọ́.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi ń bàjẹ́ nígbà tí mo bá tan tẹlifíṣọ̀n báyìí. Atọ́kùn á pe àgbàlagbà wá, á béèrè ọ̀rọ̀, á dá ara rẹ̀ lóhùn, á tún sọ ìtàn ara rẹ̀ lé e. Wọ́n ti bọ́ sínú agọ̀ fúnra wọn. Àwọn mìíràn ń fi Yorùbá ṣe ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ọ̀rọ̀ bá kan orúkọ iṣẹ́ wọn, wọ́n á ní àwọn ni "anchor". Wọ́n ní orúkọ tó ti wà láàyè kí bàbá bàbá wọn tó dáyé, wọ́n wá lọ ń yá irin tó ń mú ọkọ̀ ojú omi dúró.

Ní ti olóòtú tí o béèrè, òun ló ni ẹrù ètò lórí: òun ló ń ro ohun tí ètò máa dá lé, tó ń wá àlejò àti owó, òun ni wọ́n máa pè bí nǹkan bá bàjẹ́. Yorùbá tún ń lo orúkọ yẹn fún ẹni tó ń ṣàtúnṣe ìwé ìròyìn, àní fún olóòtú ìjọba pàápàá. Ẹnìkan lè ṣe olóòtú kó sì ṣe atọ́kùn ètò kan náà, iṣẹ́ méjì ni síbẹ̀. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ni ayàwòrán. Amóhùnmáwòrán kò ṣòro: ó ń mú ohùn, ó ń mú àwòrán. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni rédíò, ó ń sọ̀rọ̀ kò gbèsì, ó dùn létí, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń fi í ṣẹ̀sín.

Bí o bá fẹ́ kọ ọ́: atọ́kùn. Àmì wà lábẹ́ "ọ", ohùn òkè wà lórí rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ sì wà lórí "u", nítorí tọ́ àti okùn ló para pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe lo fẹ́, kọ pé "ta ló ń tọ́kùn ètò náà?" Bí olùkọ́ yín bá tún mẹ́nu kan wáyà, fi ìrẹ̀lẹ̀ bi í pé nínú àwọn mẹ́rin tó di okùn eégún mú ní ìbàdí, ta ni wọ́n ń pè ní atọ́kùn.