Kí ló dé tí PostgreSQL (ètò tó ń tọ́jú dátà) kò gbà mí wọlé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn?

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó gbé jáde fún yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Bó bá jẹ́ "connection refused" (ó kọ ìsopọ̀ náà), tí sáfà (server) PostgreSQL sì wà ní títàn, listen_addresses, ètò tó ń sọ àdírẹ́sì tí sáfà ń tẹ́tí sí, ni mo fura sí: localhost nìkan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáfà wà lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ló ń tẹ́tí sí látilẹ̀. Ẹ yí i padà nínú fáìlì ètò rẹ̀, postgresql.conf, kí ẹ pa sáfà, kí ẹ tún un tàn. Reload lásán (kí ó kàn tún fáìlì ètò kà láìpa á) ò tó.

Bó bá jẹ́ "no pg_hba.conf entry", ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn, kò kàn sí ìlà tó mọ̀ yín nínú pg_hba.conf, fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè wọlé, ni. Ẹ kọ àdírẹ́sì IP yín síbẹ̀ pẹ̀lú scram-sha-256 (ọ̀nà tó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù), kí ẹ wá ṣe SELECT pg_reload_conf(); kí ó lè tún fáìlì náà kà. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá yín mu ló máa lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi trust (gbígbà láìbéèrè páásíwọ́ọ̀dù) sí ẹ̀gbẹ́ 0.0.0.0/0 (gbogbo àdírẹ́sì IPv4) o! Ẹni tó bá ti rí pọ́ọ̀tù 5432 yín, ẹnu ọ̀nà tí PostgreSQL ń lò, ti wọlé láìsí páásíwọ́ọ̀dù.