Àgbàdo tí kòkòrò ti dá ihò sí: ṣé ó ṣì lè hù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo tú àpò àgbàdo tí mo tọ́jú fún gbígbìn, mo sì rí i pé kòkòrò ti dá ihò sí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa gbìn ín lọ, pé yóò hù. Òjò sì ti ń rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó lè hù, ó sì lè má hù. Ibi tí ihò wà lára hóró ló ṣe pàtàkì.

Ẹ rẹ hóró kan sómi mọ́jú, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á láti orí dé ìdí. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, lápá ìdí tó fi lẹ̀ mọ́ ṣùkù, ẹ ó rí ohun kan tó rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìyókù. Ọlẹ̀ nìyẹn. Ó ti ní gbòǹgbò tó kọjú sí ìdí hóró àti èéhù tó kọjú sí orí. Irè tí ẹ ń retí ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín rárá.

Ìyókù, tó tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún hóró náà, oúnjẹ ọlẹ̀ ni. Òun náà ló ń di ògì fún wa. Ọlẹ̀ kò lè jẹ ẹ́ ní gbígbẹ. Bí omi bá wọlé, ọlẹ̀ á ta ìpele tín-ín-rín tó wà lábẹ́ èèpo jí, ìpele yìí á sì tú èròjà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà sílẹ̀. Nígbà náà ni ọlẹ̀ á máa fà á mu. Àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí àgbàdo hù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ oúnjẹ ni kòkòrò jẹ, àgbàdo náà lè hù, ṣùgbọ́n á tínrín, ó sì lè kú sínú ilẹ̀ bí ẹ bá gbìn ín jìn. Bó bá jẹ́ ọlẹ̀ ló jẹ, ó tán nìyẹn. Èèpo tó ti lu náà kò ní lè dènà ohun tó ń mú hóró rà nínú ilẹ̀ mọ́.

Ti ẹ̀wà yàtọ̀: apá méjèèjì tó ń là nígbà tí ẹ bá bó o fún àkàrà ni oúnjẹ rẹ̀, ara ọlẹ̀ gan-an sì ni wọ́n.

Ẹ má kàn ṣa èyí tí kò ní ihò kí ẹ gbìn ín. Abo kòkòrò yìí máa ń yé ẹyin sínú hóró, á sì dí ojú rẹ̀ pa, kò ní hàn síta. Ẹ ka 100 hóró láìṣà, ẹ wé e sínú aṣọ tútù, kí ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ ka iye tó hù. Bó bá tó 85, ẹ gbìn ín. Bó bá wà láàárín 60 sí 84, ẹ fi hóró kan kún iye tí ẹ máa ń sọ sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, èmi ò ní gbà yín níyànjú láti fi òjò àkọ́rọ̀ ṣòfò lé e lórí. Ẹ ra irúgbìn tuntun. Èyí tó kù, ẹ lọ̀ ọ́ fún adìyẹ, bí ẹ kò bá ti fi oògùn kòkòrò sí i.